Iye Tí Mo Fi Pẹ́ńsù Kọ

Ọmọ àbúrò mi kan wá bá mi ní Máfolúkù lóṣù tó kọjá. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ tí òun fẹ́ kọ́: iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ iye ọjà sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní iṣẹ́ ìjókòó ni, pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo ní, “Iṣẹ́ ìjókòó? Ta ló sọ fún ẹ? Jókòó kí n sọ fún ẹ.” Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa fi jẹun. Ẹ má retí ìtàn ìdùnnú lẹ́nu mi o. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò lè gbé mì títí dòní.

Sàúdátù lorúkọ mi, Ìyá Sódíìqì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ìsẹ́yìn làwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Òṣòdì. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ ò gùn ní ìròyìn: oníbàárà ìyá mi kan ló mú mi lọ, wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀wé kà, mo ní mo mọ̀ ọ́n kà, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Owó tí wọ́n ń san kéré nígbà yẹn, ó sì kéré títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ́fíìsì wa wà ní Ìsọlọ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì kan. Yàrá méjì ni, ìwé ló sì kún inú méjèèjì. Iṣẹ́ wa ni kí á mọ iye tí ṣíà kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpín tí èèyàn lè rà nínú rẹ̀, jẹ́ ní ọjọ́ tó ti kọjá. Ẹni tó fẹ́ mọ iye tòní, ó lè bi alágbàtà. Ẹni tó fẹ́ mọ iye ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Àwọn ọmọ olóògbé tó fẹ́ pín ogún máa ń wá: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni ṣíà yìí lọ́jọ́ tí bàbá wa kú?” Lọ́yà máa ń wá. Ìyàwó mẹ́ta tí ọkọ kan náà fi sílẹ̀ lọ sọ́run ti wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo rí, kò sì sẹ́ni tó kí ẹnì kejì nínú wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń mú ìwé iye ṣíà wá fún wa láti Erékùṣù Èkó, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n tẹ nǹkan wínníwínní sí. Kó tó di ọ̀sán, a gbọ́dọ̀ ti dà á kọ sínú ìwé ńlá. Ojú ewé kan fún kọ́ńpìnnì kan, ìlà kan fún ọjọ́ kan.

Ọ̀gá Ṣódípọ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́. Ará Abẹ́òkúta ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n ó le bí ojú ẹja. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé ńlá. Mo ń ka iye sí i létí, òun ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ra ìwé ọmọléèwé fún mi, ó ní kí n máa kọ ení àti èje sínú rẹ̀, láti òkè ewé dé ìsàlẹ̀ ewé, torí pé èje mi jọ ení. Ó ní, “Sàúdátù, ẹni tó bá ka èje rẹ sí ení, ìwọ lo jà á lólè, kì í ṣe ojú rẹ̀.” Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo délé, mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ní, “Ṣé ó nà ẹ́ ni?” Mo ní rárá. “Ṣé ó bú ẹ ni?” Mo ní rárá. Ó ní, “Kí wá lò ń sunkún sí? Padà lọ kọ èje.”

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn mi wà. Ohun tó o bá fojú ara rẹ rí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, báírò ni kó o fi kọ ọ́. Tí ìwé ò bá tíì dé, tó jẹ́ pé ẹnì kan ló sọ iye fún ẹ lórí fóònù, pẹ́ńsù ni, títí ìwé á fi dé. Èyí tí o ò bá mọ̀, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kó o máa lọ. Ọ̀gá Ṣódípọ̀ máa ń sọ pé òfìfo ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ kan mo fi iréésà ha iye kan tí mo ti fi báírò kọ. Ó rí i. Kò pariwo. Ó fa odidi ojú ewé náà ya, oṣù mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ó ní kí n jókòó kí n tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi wú. Mo ṣépè fún un nínú ọkàn mi lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo rò pé ìkà ni.

Nígbà tí mo wọ ọdún kẹsàn-án níbẹ̀, ìyá Ọ̀gá Ṣódípọ̀ kú, ó sì lọ sìnkú ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa lò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Orí mi wú o, ẹ má purọ́ fún mi pé tiyín ò ní wú. Ọjọ́ kẹta tó lọ, àwọn tó ń tẹ ìwé iye ṣíà daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjà ń lọ ní tiẹ̀, wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n ìwé kankan ò dé Ìsọlọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fóònù wa náà ti kú. Fóònù ìgbà yẹn, kí òjò ṣú lásán ni, ó ti dákẹ́.

Ó yẹ kí n fi àwọn àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Mo mọ̀. Ta ló kọ́ mi bí kò ṣe ẹni tó le jù ní gbogbo Èkó? Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Wọ́n fi ilé lé mi lọ́wọ́, kí ọ̀gá wá dé kó bá gbogbo ìwé bí eyín ọmọ ọdún méje? Mo mú pẹ́ńsù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀ kún àyè kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni mo ń dá. Ṣíà wo ló máa yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì? Mo kọ orúkọ àwọn kọ́ńpìnnì náà àti déètì àwọn ọjọ́ náà sínú ìwé kékeré kan, kí n lè padà wá tún un ṣe.

Ọ̀gá Ṣódípọ̀ dé, ó ṣí ìwé ńlá, ó fi ìka tọ iye wọ̀nyẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ta ló sọ iye yìí fún ẹ?”

“Kò sẹ́nì kankan, sà.”

“Ṣé o rí i nínú ìwé?”

“Rárá, sà.”

“A jẹ́ pé ìwọ lo dá a sílẹ̀.” Ó ní kí n lọ sí Erékùṣù, sí ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ọjà ṣíà pamọ́ sí, kí n lọ da iye tòótọ́ kọ wá.

Mo lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, mo sì rí nǹkan bí ìdajì tún ṣe. Èyí tí mo bá ti tún ṣe, mo máa ń fàmì sí i nínú ìwé kékeré yẹn. Ìgbà kẹrin tí mo lọ, oyún Sódíìqì wà nínú mi, ẹsẹ̀ mi wú, mo dúró láti àárọ̀, ọkùnrin tó ní kọ́kọ́rọ́ ò dé. Mo gba ilé lọ. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ò dé mọ́. Ọ̀gá bi mí pé, “Ṣé o ti parí ẹ̀?” Mo ní, “Ó kù díẹ̀, sà.” Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ló bi mí. Ó gbà mí gbọ́ ni, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ mi. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà, ó fẹ̀yìn tì.

Ìgbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Háà, mo fẹ́ràn nǹkan yẹn! Èmi ni mo jókòó tẹ gbogbo ìwé ńlá wa sínú rẹ̀, ọdún kan àtoṣù mélòó kan ló gbà mí. Ojú mi ń ta, mi ò bìkítà. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tí kì í pè mí lọ́gá mọ́. Tẹ orúkọ kọ́ńpìnnì, tẹ ọjọ́, iye á jáde fìrí. Ohun tí à ń fi ìdajì ọjọ́ wá tẹ́lẹ̀! Ọ̀gá Ṣódípọ̀ wá kí wa lásìkò yẹn, ó ti ń fọ̀pá rìn. Mo fi í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ní kó dárúkọ ọjọ́ tó bá wù ú. Ó dárúkọ rẹ̀, iye jáde, ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó wá wo ojú kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Sàúdátù, níbo ni pẹ́ńsù wà nínú ẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ò lo pẹ́ńsù.”

Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń bi ẹ́ nìyẹn.”

Mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo ní kí wọ́n lọ ra ohun mímu tútù wá fún un. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni báírò àti pẹ́ńsù ń di ọ̀kan náà, mo sì mọ̀ pé mi ò fi àmì kankan sí i. Mo kàn rò pé ta ló máa wá béèrè ọjọ́ mẹ́wàá péré nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ọ̀gá Ṣódípọ̀ kú lọ́yẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e. Láìpẹ́, wọ́n ní ìwé ńlá ń gba àyè, èmi náà ni mo sì ta á fún àwọn tó ń ra ìwé àlòkù ní Òṣòdì. Mo rí ojú ewé kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń jẹ ẹ̀pà ní Àpákún lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ kíkọ Ọ̀gá Ṣódípọ̀ ni. Mo kọjú síbòmíràn.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Bàbá Rìsí ni tèmi bá. Ilé kẹta sí wa ní Máfolúkù ni wọ́n ń gbé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìyá Rìsí ń ránṣọ níwájú ilé, òun ló rán aṣọ ìkómọ gbogbo ọmọ mi. Yàrá méjì àti ojúde yẹn ni wọ́n ń háyà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Nígbà tí baba onílé kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ilé, wọ́n sì ní bí Bàbá Rìsí bá lè rà á, àwọn á fi ṣáájú ẹlòmíràn. Ohun tó gbójú lé ni ìwé kan tí kọ́ńpìnnì rẹ̀ fún un.

Ọ́pṣọ̀n ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá bá oníṣu sọ̀rọ̀ pé kó fi ọgọ́rùn-ún iṣu dè yín, pé iye tòní lẹ máa san nígbàkigbà tí ẹ bá padà wá. Bí iṣu bá wọ́n lẹ́yìnwá, ẹ ti jèrè. Bó bá rọ̀, kò sẹ́ni tó fipá mú yín, ẹ máa bá tiyín lọ. Kọ́ńpìnnì náà ti ní ìròyìn burúkú nígbà kan, ṣíà rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ máa lọ. Kí wọ́n má baà lọ ni wọ́n ṣe kọ̀wé fún wọn pé wọ́n lè ra ṣíà nígbàkigbà láàrin ọdún mẹ́wàá, ní iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà. Wọn ò kọ iye ọ̀hún síbẹ̀. Kọ́ńpìnnì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn tuntun sì ní kí Bàbá Rìsí lọ gba ẹ̀rí iye ọjọ́ yẹn wá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ọ̀hún máa pé ní ìparí oṣù. Náírà méje ni ṣíà náà lọ́jà lásìkò tí mo ń wí yìí; èrè tó bá wà láàrin rẹ̀ àti iye àtijọ́ ló fẹ́ fi ra ilé.

Ó wá bá mi lọ́fíìsì, ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń lọ síbi ìsomọlórúkọ. Ó ní, “Ìyá Sódíìqì, ẹ bá mi wò ó dáadáa o. Ọ̀rọ̀ ilé wà nínú ẹ̀.”

Mo tẹ ọjọ́ náà. Ó jáde. Mo ní, “Náírà mẹ́sàn-án ni.”

“Mẹ́sàn-án kẹ̀? Ìgbà tí wọ́n fún wa níwèé yẹn, ṣebí ṣíà ti já? Jíjá tó já ni wọ́n ṣe fún wa.”

Mo wo ìsàlẹ̀ díẹ̀. Lóòótọ́, mẹ́rin ààbọ̀ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Mo ní, “Ọ̀sẹ̀ kejì ló já, Bàbá Rìsí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí tiyín, mẹ́sàn-án ni.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni mo ń sọ. Mi ò lè tìtorí pé a jọ ń gbé àdúgbò kí n yí i.”

Mo tẹ̀ ẹ́ síwèé, mo fi òǹtẹ̀ lù ú, mo fún un. Ẹ gbọ́ mi o: inú mi dùn sí ara mi. Mo ní bí Ọ̀gá Ṣódípọ̀ bá wà láyé, á mọ̀ pé òun kọ́ mi dáadáa. Bàbá Rìsí ká ìwé náà mẹ́rin, ó kí mi, ó lọ. Ta ló máa ra ohun tó jẹ́ náírà méje lọ́jà ní náírà mẹ́sàn-án? Ó jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Àwọn ọmọ onílé ta ilé fún ẹlòmíràn, Bàbá Rìsí àti ìyàwó rẹ̀ sì kó lọ sí ọ̀nà Ìjọkò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ìránṣọ Ìyá Rìsí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì wa ń kó lọ sí Àjàó Estate. Èmi ni mo ń tú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ìwé kékeré ìjọ́sí bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ṣí i, mo ń rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń kọ̀wé nígbà yẹn, ni mo bá rí orúkọ kọ́ńpìnnì tó ń kó ẹrù. Mo rí déètì náà. Kò sí àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Erékùṣù, sí ibi tí mo ti dúró títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Wọ́n mú ìwé ọdún yẹn jáde fún mi, wọ́n tún ṣe fótókópì rẹ̀. Kò gbà mí tó wákàtí kan. Náírà mẹ́rin ààbọ̀. Ṣíà náà ti já láti ọjọ́ kẹta ìdaṣẹ́sílẹ̀. Mo gbé e sáré lọ bá àwọn tó ra kọ́ńpìnnì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó níwà pẹ̀lẹ́ gbọ́ mi tán, ó ní, “Mà, ọjọ́ ti kọjá.” Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ní gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i ṣe wá sọ fún mi.

Lónìí, ẹ̀yin ń tẹ fóònù, iye ọdún gbọọrọ sẹ́yìn ń jáde. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èèyàn ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn ún ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa béèrè bó ṣe mọ̀. Ọmọ àbúrò mi bi mí pé kí ló burú tó bẹ́ẹ̀ nínú àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́.

Lẹ́yìn tí mo rí ìwé Erékùṣù yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá ara mi jà kí n tó lọ sí Ìjọkò. Mo bá Bàbá Rìsí níwájú ilé, ó ń tún ẹsẹ̀ àga kan ṣe. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pariwo orúkọ mi. Mi ò jẹ́ kó kí mi tán. Mo na fótókópì náà sí i, mo ní, “Èmi ni mo ṣì í. Mẹ́rin ààbọ̀ ni. Mi ò rí mẹ́sàn-án yẹn níbì kankan, mo kàn kọ ọ́ ni.”

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá ní, “Ìyá Rìsí ní kí n lọ béèrè níbòmíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó ní kí n lọ béèrè níbòmíràn. Mo bínú sí i. Mo ní ṣé Ìyá Sódíìqì ló máa fún wa ní ohun tí kò rí?”

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde kíá. A gbọ́ bàtà ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ki ìwé náà bọ àpò. Ìyá Rìsí gbé omi jáde, ó ti rù gan-an. “Ẹ̀yin rèé! Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé àlàáfíà lẹ bá wá?”

Mo lanu. Bàbá Rìsí ti dáhùn kí n tó fọhùn. Ó ní, “Wọ́n ní kí àwọn wá wò wá ni.”

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo wo ojú ọkọ, mo wo ojú ìyàwó, mo gba omi, mo mu ún. Ìyá Rìsí jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Bàbá Rìsí, ẹ ò rí i? Nínú gbogbo Máfolúkù, wọ́n nìkan ló rántí wa.” Ó di gaàrí sínú ọ̀rá fún mi, ó sìn mí dé ojú títì, ó ń dúpẹ́ ṣáá. Mo ń dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́. Òótọ́ ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Títí dòní, kò mọ̀.